Yàrá abẹ́ ilé kún fún ẹrù, ó sì ń rin: níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Orí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ̀ ni ilé bàbá wa wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, yàrá kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ní 14 ni, dẹ́kìn ló bò ó lórí. Ògiri mẹ́ta ló fẹ̀yìn ti iyẹ̀pẹ̀, ọ̀kan tó kù ló ní ilẹ̀kùn àti fèrèsé kékeré. Ẹrù ti kún un dé ẹnu ọ̀nà: àpótí aṣọ òkè àti aṣọ ẹgbẹ́, àpò gaàrí, ìkòkò àti abọ́ ìnáwó, àga oníke, páálí ìwé, táìsì àti sìmẹ́ǹtì tó ṣẹ́kù, pẹ̀lú ẹrù àwọn àbúrò tó wà lókè òkun. Bí òjò bá ti dé, ilẹ̀ á máa rin, aṣọ á sì máa rùn. A fẹ́ ra pẹpẹ onírin, ká sì kun ògiri ní ọ̀dà olóróòró. Ṣé ọ̀nà tó dára nìyẹn?

Bírìkìlà Ṣàgámù:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra pẹpẹ, ẹ má sì kun ọ̀dà kankan. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi náà ti ń wá, torí ohun méjì ló máa ń fà á, ìwòsàn wọn kò sì jọra.

Ẹ gé ọ̀rá tó nípọn, ẹsẹ̀ bàtà 2 ní 2. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ògiri, kí ẹ wá fi téèpù fífẹ̀ lẹ etí ọ̀rá náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọn pinpin. Ẹ lẹ òmíràn mọ́lẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ bí ìrì sí abẹ́ ọ̀rá, inú iyẹ̀pẹ̀ ló ti ń wá. Bó bá jẹ́ pé ojú ọ̀rá tó kọjú sí yín ló rin, afẹ́fẹ́ ló gbé e wọlé, tó wá di omi nígbà tó kan ògiri tútù. Bí ẹ bá tún rí ohun funfun bí iyọ̀ tó ń hù lára ògiri, ó dájú pé omi ń gba inú búlọ́ọ̀kù kọjá, torí iyọ̀ inú sìmẹ́ǹtì àti iyẹ̀pẹ̀ ni omi náà ń rù jáde.

Bó bá jẹ́ ti inú iyẹ̀pẹ̀, ìta ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ibi tí omi páánù ń dà sí. Bó bá jẹ́ ìdí ògiri ló ń balẹ̀, ẹ ṣe gọ́tà tí yóò gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ̀ náà. Ẹ da kọnkéré yí ìdí ògiri ká, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3, kó nípọn tó íǹṣì 3, kí etí rẹ̀ tó wà níta sì rẹlẹ̀ ju ti ìdí ògiri lọ ní íǹṣì 1½. Ọ̀pọ̀ yàrá abẹ́ ilé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń parí síbí, láìtíì fọwọ́ kan inú rárá.

Bí kò bá tíì tó, ẹ gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ògiri tó wà lápá òkè ilẹ̀, kó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ilẹ̀ yàrá lọ, ṣùgbọ́n kó má ṣe dé abẹ́ ìpìlẹ̀. Páìpù oníhò, íǹṣì 4, ni kẹ́ ẹ tẹ́ síbẹ̀, kí ihò rẹ̀ dojú kọlẹ̀, kó máa dà ní íǹṣì 1 nínú ẹsẹ̀ bàtà 8. Òkúta wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ fi bò ó kí ẹ tó da iyẹ̀pẹ̀ padà. Ẹ má gbẹ́ gbogbo gígùn ògiri lẹ́ẹ̀kan náà o. Ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 5 ni kẹ́ ẹ máa gbẹ́, kí ẹ dí i, kí ẹ tó bọ́ sí èyí tó kàn. Iyẹ̀pẹ̀ tí òjò ti mu yó lè ya lu ẹni tó wà nínú kòtò, kò sì ní pariwo kó tó ya.

Inú ló kù. Ẹ gbo pílásítà tó ti jẹrà kúrò títí dé ojú búlọ́ọ̀kù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ iyọ̀ dànù. Sìmẹ́ǹtì 1 sí yanrìn 3, yanrìn tí kò ní amọ̀, pẹ̀lú oògùn adènà omi ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ fún àpò kan. Ẹ rẹ́ ẹ ní ipele méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìdajì íǹṣì. Ẹ ha ojú àkọ́kọ́ kó lè di èkejì mú, ẹ fi èkejì lé e lọ́jọ́ kejì, ẹ sì máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7. Igun tí ògiri ti pàdé ilẹ̀ ni omi máa ń gbà jù, ẹ fi sìmẹ́ǹtì yí i kó ṣe roboto.

Ní ti ọ̀dà olóróòró: omi ń ti ògiri láti ẹ̀yìn, ọ̀dà yẹn kò sì ní jẹ́ kó rí ọ̀nà jáde. Yóò wú bí ilé oyin, yóò sì ṣí. Ẹ̀fun tàbí ọ̀dà olómi tó ń jẹ́ kí ògiri mí ló dáa.

Ìyá Ìpẹ́rù:

Ọ̀rọ̀ bírìkìlà yìí gún régé. Èmi á kàn fi ti ẹrù fúnra rẹ̀ kún un.

Àkókò ọyẹ́ ni kẹ́ ẹ kó o jáde, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Ilẹ̀ gbẹ nígbà náà, afẹ́fẹ́ gbẹ, ẹ sì lè ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ní oṣù Kẹfà sí Keje, bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rinrin lẹ ń pè wọlé. Fáànù pàápàá kò lè gbẹ yàrá nígbà yẹn, afẹ́fẹ́ tútù kan náà ló kàn ń fẹ́ kiri.

Gbogbo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó síta. Bí ẹ bá ń to apá kan kí ẹ tó ṣí apá kejì, ibi kan lẹ kàn ń kó ìdọ̀tí sí láti ibòmíràn. Bí ó bá ti wà níta, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ bi nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí omi bá kàn án, ṣé yóò bàjẹ́? Ìkòkò, abọ́ onírin, àga oníke àti táìsì lè padà sísàlẹ̀. Aṣọ, ìwé, fọ́tò, gaàrí, mátírẹ́ẹ̀sì àti ohunkóhun tó ń lo iná kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀, bó ti wù kí ẹ tún ògiri ṣe tó. Ìwé ilẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí, yàrá ẹni tó ni wọ́n ni kí wọ́n máa gbé.

Ẹ tẹ sìmẹ́ǹtì yẹn wò. Bí kókó inú rẹ̀ kò bá rún láàárín ìka méjì, ó ti kú, ẹ dà á nù. Èyí tó ti lé ní oṣù mẹ́ta, kódà bó bá ṣì kúnná, kò lágbára tó fún iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù.

Ẹ má dá páálí kankan padà. Páálí a máa fa omi, aáyán fẹ́ràn láti yé ẹyin sáàárín ìpele rẹ̀, ikán sì ń jẹ ẹ́. Ike tó mọ́ gaara tó ní ìdérí ni kẹ́ ẹ rà, kó jẹ́ ìwọ̀n kan náà kí wọ́n lè gun ara wọn. Èyí tí ẹnì kan lè dá gbé ni kẹ́ ẹ mú. Ike ńlá, ẹ ó kó nǹkan sí i tán, kò ní ṣeé gbé. Ẹ kọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má kọ ọ́ sí ìdérí, torí òmíràn máa gun orí rẹ̀.

Ẹrù àwọn àbúrò gba sùúrù. Ẹ ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi nọ́ńbà sí i, ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, kí ẹ sì fún wọn ní ọjọ́ kan pàtó tí èsì gbọ́dọ̀ dé. Ẹ bá àgbà ilé sọ ọ́ ṣáájú, kí ọ̀rọ̀ náà lè ti ẹnu wọn jáde. Ẹrù tí ẹ bá jù nù láìbi olóhun lè dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí, kò sì sí pẹpẹ tó tó bẹ́ẹ̀.

Wélídà Ìkẹ́nnẹ́:

Bí ẹ bá wá fẹ́ ṣe pẹpẹ, irin ni kẹ́ ẹ lò fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Áńgù, ìyẹn irin onígun, íǹṣì 1½, tó nípọn tó mílímítà 3. Kí pẹpẹ fẹ̀ tó íǹṣì 18. Bó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó wà lẹ́yìn á di ìgbàgbé. Kí ìpele àkọ́kọ́ ga tó íǹṣì 8 sílẹ̀ kí ìgbálẹ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹsẹ̀ sì wà ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 3. Pákó íǹṣì 1 á tẹ̀ bí àlàfo náà bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pákó ìrókò ló dára jù lọ. Àfàrà àti arère kò pẹ́ kí ikán tó dájọ́ fún wọn.

Ẹ jó pátákó irin íǹṣì 4 ní 4 mọ́ ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kùn ún ní ọ̀dà pupa adènà ìpẹtà ní ẹ̀ẹ̀méjì, pàápàá ojú ibi tí wọ́n ti jó o, torí ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó gbé e kalẹ̀, ẹ fi èékú táìsì sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí pẹpẹ jìnnà sí ògiri tó íǹṣì 4. Afẹ́fẹ́ á lè kọjá, ẹ ó sì lè fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ikán ti ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe ọ̀nà gòkè.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò nìyí: bí pẹpẹ kò bá so mọ́ nǹkan, ó lè ṣubú lu ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lu ihò sára ògiri tó fẹ̀yìn ti iyẹ̀pẹ̀, ẹ ti já iṣẹ́ adènà omi tí bírìkìlà ṣe. Ara ògiri tí ilẹ̀kùn wà ni kẹ́ ẹ so ó mọ́, tàbí kí ẹ fi irin so pẹpẹ méjì tó dojú kọra pọ̀ lókè, kí wọ́n di ara wọn mú. Ohun tó wúwo, ìsàlẹ̀. Ìkòkò ìnáwó, ilẹ̀ ni, lórí páléẹ̀tì.

Aláṣọ Òkè Ìjẹ̀bú-Òde:

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí aṣọ, torí ohun tí a ń rí lẹ́yìn Ojúde Ọba máa ń dunni. Láwọn ọdún yìí, oṣù Karùn-ún sí Kẹfà ni Iléyá ń bọ́ sí. Ìyẹn ni pé inú òjò la ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ kẹta Iléyá, inú òjò náà la sì ń kó o padà. Aṣọ tí òógùn ti wọ̀, tí a ká sínú ọ̀rá kó tó gbẹ, yóò bu láìpẹ́ ọjọ́.

Ẹ sá a síbi tí atẹ́gùn wà, lábẹ́ òjìji. Oòrùn gangan á ṣá àwọ̀ rẹ̀. Kí ó gbẹ dáadáa, kódà bó gba ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má ṣẹ́ ẹ po, pàápàá èyí tó ní fọ́nrán dídán, torí ojú ibi tí wọ́n ṣẹ́ ẹ sí ni fọ́nrán náà ti ń já. Ẹ ká a roboto mọ́ páìpù oníke íǹṣì 3 tí ẹ ti fi aṣọ funfun òwú wé, kí ẹ tún fi aṣọ òwú bò ó. Ẹ má fi ọ̀rá bò ó. Ẹ di káńfọ̀ sínú aṣọ pẹlẹbẹ, kó má ṣe kan aṣọ òkè, kó sì jìnnà pátápátá sí ibi oúnjẹ. Sányán ni kòkòrò fẹ́ràn jù, ẹ máa tú u wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Yàrá òkè ni gbogbo èyí o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á máa bá yín ṣe é. Ọ̀rọ̀ méjì ló kù. Kò sí àyè fún gaàrí lókè rárá. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, bí yàrá náà bá ti gbẹ, ṣé a lè gbé sílíńdà gáàsì àti kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa jí wọn?

Onígaàrí Àgọ́-Ìwòyè:

Òótọ́ ni Ìyá Ìpẹ́rù sọ pé kí gaàrí má padà sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí àyè lókè rárá, ẹ má fi sílẹ̀ sínú àpò. Àpò tí wọ́n hun yẹn ń jẹ́ kí ọ̀rinrin wọlé. Ẹ fọ dírọ́ọ̀mù oníke tó ní ìdérí lílọ́, èyí tí kò gbé kẹ́míkà rí, ẹ sá a títí yóò fi gbẹ. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sínú rẹ̀, ẹ da gaàrí sí i kó kún dẹ́nu kí afẹ́fẹ́ má ráyè, ẹ lọ́ ẹnu ọ̀rá, ẹ dì í, kí ẹ wá dé e. Gaàrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná sọ̀ gbọ́dọ̀ tutù kó tó wọ dírọ́ọ̀mù. Bó bá gbóná wọlé, yóò làágùn sínú, ojú rẹ̀ á sì bu. Ẹ bù ú sọ́wọ́, kí ẹ fún un: bó bá dìpọ̀, kò gbẹ tó, ẹ tún un yan. Orí páléẹ̀tì ni kí dírọ́ọ̀mù wà, kó jìnnà sí ọ̀dà àti kẹrosíìnì, gaàrí a máa gba òórùn.

Ní ti eku, ẹ dí gbogbo ihò tí ìka ọmọdé lè wọ̀, ẹ po sìmẹ́ǹtì mọ́ èékú dígí. Ẹ fi àwọ̀n onírin tí ojú rẹ̀ kò ju ìdámẹ́rin íǹṣì lọ sójú fèrèsé. Oògùn kòkòrò inú ìgò tí wọ́n ń tà fún oko kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá tí oúnjẹ wà.

Bírìkìlà Ṣàgámù:

Gáàsì àti pẹtiróòlù kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láéláé. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni èéfín pẹtiróòlù. Bó bá jò, ilẹ̀ ló ń ṣàn sí, ibi tó bá sì rẹlẹ̀ ni yóò dúró. Ní yàrá tí iyẹ̀pẹ̀ yí ká lápá mẹ́ta, kò ní ọ̀nà jáde. Bí ẹnì kan bá tẹ súìṣì iná, ó tó kó jó, ilé yín sì wà lókè rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ náà kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tàbí lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, gáàsì olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kì í rùn, ó sì ń pani.

Ẹ lọ bá wélídà, kó ṣe àgò onírin tó ní kọ́kọ́rọ́, tí ojú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n látòkè délẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ìta ni kẹ́ ẹ gbé e sí, lórí kọnkéré, níbi tí oòrùn kì í ti í pa á. Kó jìnnà sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá abẹ́ ilé yẹn àti sí gọ́tà, torí gáàsì tó bá jò lè gba inú gọ́tà rìn wọlé. Kí pẹtiróòlù ní àgò tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó má ṣe bá sílíńdà gbé pọ̀.