Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé: bí mo bá lọ tẹ̀ ẹ́ dó, ṣé ó di tèmi?

Arìnrìnàjò: Ẹ̀yin ará, ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àwòrán ilẹ̀ ayé ni mo ń wò lórí fóònù lálẹ́ àná títí oorun fi dá lójú mi. Ibi tó ṣófo pọ̀ jọjọ! Bí mo bá lọ sí ọ̀kan, mo kọ́ ahéré, mo dáko, mo sì gbé ibẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ta ni yóò lé mi? Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o.

Ọmọ Lọ́yà: Ọ̀gá mi, onílẹ̀ ni yóò lé yín. Ilẹ̀ tí ẹ ò rí èèyàn lórí rẹ̀, ìjọba ló sábà máa ń ni ín. Òótọ́ ni pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tó bá gbé orí ilẹ̀ onílẹ̀ ní gbangba, láìgba àṣẹ, tí wọn ò sì lé e fún ọdún gbọọrọ, lè gbà á. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ìyẹn kò ran ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì ni aginjù wọn pọ̀ sí.

Ìyá Àgbẹ̀: Amẹ́ríkà kan náà pín ilẹ̀ rí. Òfin 1862 fún èèyàn ní éékà 160: gbé ibẹ̀ fún ọdún 5, kọ́lé, dáko, ó di tìẹ. Wọ́n fòpin sí i ní 1976. Ìpínlẹ̀ Alaska nìkan ló lò ó di 1986. Ẹ má sì gbàgbé pé wọ́n ti kọ́kọ́ lé àwọn tó ń gbé púpọ̀ nínú ilẹ̀ “òfìfo” yẹn kúrò.

Arìnrìnàjò: Ẹ ṣé, Màmá. Bir Tawil, aṣálẹ̀ kan ní Áfíríkà, ńkọ́? Wọ́n ní kò ní onílẹ̀.

Awòye: Bẹ́ẹ̀ ni, Íjíbítì àti Sudan ń tì í síra wọn. Ààlà tí wọ́n fà ní 1899 àti èyí tí wọ́n fà ní 1902 kò bára mu, ìyẹn ló dá wàhálà náà sílẹ̀: orílẹ̀-èdè tó bá gba Bir Tawil ti jọ̀wọ́ Hala'ib, ilẹ̀ mìíràn tó tóbi jù ú lọ, tó sì wà létí òkun. Ará Amẹ́ríkà kan lọ ri àsíá mọ́ ibẹ̀ ní 2014 kí ọmọ rẹ̀ obìnrin lè di ọmọ ọba. Orílẹ̀-èdè kankan ò kà á sí. Àwọn darandaran Ababda sì ti ń gba ibẹ̀ kọjá tipẹ́tipẹ́.

Ọmọ Lọ́yà: Ẹ lọ yẹ ìwé ilẹ̀ wò ní ọ́fíìsì ìjọba kí ẹ tó ra ọkọ́. Bóyá wọ́n ń yáni lò.

Arìnrìnàjò: Mo ti gbọ́. Ìyàwó mi tilẹ̀ ti ní òun ò bá mi lọ síbi tí kò sómi.