Kí ni ká pe masseter?

Àlàájì, ẹ kú làákàyè o. Àbá yín pé ká máa pe masseter, iṣan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tó ń bá wa rún oúnjẹ, ní "iṣan ìjẹun" dùn létí, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sí i. Iṣan mẹ́rin ló wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan tó ń bá wa rún oúnjẹ. Bí a bá kó orúkọ iṣẹ́ náà fún ẹyọ kan, kí la fẹ́ máa pe mẹ́ta yòókù? "Jẹun" gan-an ti fẹ̀ jù. Ahọ́n ń bá wa jẹun, ọ̀fun náà ń bá wa jẹun. Rírún ni ti iṣan mẹ́rin yìí. Ẹ jẹ́ ká pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀ ní "iṣan ìrúnjẹ", ká wá fi ibùdó kálukú sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹni tó bá ń jẹ kílíṣí lọ́wọ́, kó fi ìka méjì kan ibi tí párì ti yí gòkè lọ sí etí. Bó bá ṣe ń deyín pọ̀, nǹkan kan á máa le kókó níbẹ̀. Masseter nìyẹn. Egungun tó yọ lábẹ́ ojú ló ti sọ̀ kalẹ̀ wá so mọ́ párì. Kó gbé ìka lọ sí ẹ̀bátí, á bá temporalis, ìkejì nínú mẹ́rin náà, níbẹ̀ tóun náà ń mì. "Iṣan párì", "iṣan ẹ̀bátí", ó parí. (Àwa tí a ka ìtàn Sámúsónì kò lè sọ pé a ò mọ párì.)

"Iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́" tí àwọn kan ń pariwo? Rárá o. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní iṣan tirẹ̀, buccinator, ìyẹn "afọnfèrè" lédè Látìn. Òun ni àwọn tó ń fọn kàkàkí níwájú Ẹmíà fi ń ti atẹ́gùn jáde. Lóòótọ́, ó máa ń da òkèlè padà sábẹ́ eyín, àmọ́ okùn ìmọ̀lára (nerve) keje tó ti ọpọlọ wá ló ń pàṣẹ fún un. Ìkarùn-ún ló ń pàṣẹ fún masseter. Wọn kì í ṣe ọmọ ilé kan náà.

Àwọn alápatà ọjà Ìpàta n'Ílọrin lè bínú sí wa, torí okùn yíyi tó so ẹran mọ́ egungun ni wọ́n ń pè ní iṣan. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ìwé ti lò ó tipẹ́ fún ẹran tó ń gbé ara, ẹ jẹ́ ká fi bẹ́ẹ̀.

Pterygoid méjèèjì tó fara pamọ́ sínú párì ló kù. Ti ọ̀kan nínú wọn yàtọ̀, ó ń bá wa ya ẹnu. "Iṣan ìyanu" ì bá bá a mu, àfi pé wọn á ní ṣọ́ọ̀ṣì la ti gbé e wá. Ẹ̀yin dókítà ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Ọ̀sẹ̀, ẹ bá wa dá sí èyí.