Ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó bá mi rí àṣìṣe nínú oríkì ìyá mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àjàṣẹ́ ni mo wà. Ìyá mi ń ta aṣọ ní ọjà Ouando, àwọn tó ń ra àwìn lọ́wọ́ wọn sì pọ̀, ni mo bá fi Haskell, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ ètò kékeré kan tí yóò máa tọ́jú orúkọ onígbèsè àti iye tó kù.

VS Code, ohun èlò tí a fi ń tẹ ètò, ni mo kọ́kọ́ lò, pẹ̀lú Haskell Language Server tó máa ń fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe bí èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ RAM 4 GB ni kọ̀ǹpútà mi ní, ẹrù náà pọ̀ jù fún un. Mo padà sí Vim, ohun èlò ìtẹ̀ ètò tó fúyẹ́, mo ṣí ghcid, ètò tó ń yẹ iṣẹ́ Haskell wò, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ti fi iṣẹ́ pamọ́ báyìí, á tún un kà, á sọ ibi tó ti bàjẹ́. Ìyẹn tó mi.

Àyẹ̀wò gan-an ló gbà mí lọ́kàn. Àyè lẹ́tà 12 péré ló wà fún orúkọ lórí rìsíìtì, mo wá ń fi T.take, àṣẹ Haskell tó ń mú iye lẹ́tà tí a bá sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, gé e. Mo fi Adéṣínà dán an wò, mo gé e sí 3, mo gé e sí 5, ó yege. Lẹ́yìn náà ni mo gbìyànjú QuickCheck, ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí Koen Claessen àti John Hughes gbé jáde ní Sweden ní 2000. Òfin lèèyàn máa ń kọ fún un, òun fúnra rẹ̀ á wá ọgọ́rùn-ún àpẹẹrẹ tó lè tàpá sí i. Mo kọ ọ́ pé apá tí a gé kúrò kò gbọdọ̀ fi àmì ohùn bẹ̀rẹ̀, mo sì kó lẹ́tà Yorùbá fún un pé kó máa fi hun orúkọ. Kíá ló wó! Ó ń gé àpẹẹrẹ náà kúrú títí ó fi ku lẹ́tà kan ṣoṣo: ọ̀.

Nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, é ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣ náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní. Ọ pẹ̀lú àmì ni wọ́n so pọ̀, Haskell sì ń kà á sí méjì. Kò sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nínú Adéṣínà. Àbẹ̀kẹ́, oríkì ìyá mi, lẹ́tà 5 ni lójú wa, 7 ló pè é. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo rí i pé orúkọ wọn ni ǹ bá máa gé lámì. text-icu, àfikún kan fún Haskell, ni mo fi tún un ṣe, torí ó mọ ibi tí lẹ́tà parí sí.

*Láti Kétu:*

Ẹ kú iṣẹ́, àbúrò. Elixir, èdè ètò mìíràn, ni mò ń lò nínú Emacs, ohun èlò ìtẹ̀ ètò tèmi; String.length rẹ̀, àṣẹ tó ń ka lẹ́tà, sì ka Àbẹ̀kẹ́ sí 5 láìsí wàhálà. Ibòmíràn ló ti mú mi. Oníbàárà kan ṣoṣo di méjì nínú ìwé mi, torí é tí wọ́n tẹ̀ lórí fóònù jẹ́ e pẹ̀lú àmì, tèmi sì jẹ́ ẹyọ kan. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Mo ní kí StreamData, ẹ̀rọ àyẹ̀wò Elixir tó dà bíi QuickCheck, máa kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà méjèèjì, àṣìṣe náà sì yọjú lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi String.normalize, àṣẹ tó ń sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan, tọ́ orúkọ kí ẹ tó fi pamọ́.

*Láti Àjàṣẹ́:*

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo lọ yẹ ìwé ìyá mi wò: onígbèsè mẹ́ta ló wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.