Màmá mi dá wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, fóònù wọn ò lọ mọ́. Ẹ gbà mí!

Ọmọ Òkè-Ṣópìn, Toronto
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́. Màmá mi nìkan ló wà nílé. Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ti lọ bá àwọn òbí ẹ̀ kí ìjọba tó ní kí kálukú jókòó sílé nítorí àrùn Kòrónà. Láti àná ni wọ́n ti ń sọ pé nọ́ńbà wọn ti kú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn máa tán lọ́sẹ̀ yìí. Láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2020 yìí ni wọ́n ti ti pápákọ̀ òfurufú, kò sí bí mo ṣe lè wọlé. Ta ló mọ èèyàn ní Òkè-Ṣópìn? Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Ìyá Ìbejì, Dublin
Fara balẹ̀, àbúrò. Fóònù tó kú ò tíì di ìròyìn burúkú, ó lè jẹ́ pé kò síná ni. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ló yẹ àgbàlagbà nírú àkókò yìí, bátìrì ẹ̀ ń lo ọjọ́ mélòó kan. Èyí tá a fẹ́ràn láti máa rà ránṣẹ́ fún ìyá wa láti òkè òkun kì í rí ọjọ́ kejì. Tí wọ́n bá ti tàn án, kí ẹnì kan bá wọn fi nọ́ńbà tìẹ sórí bọ́tìnnì 2, kó fi ti aládùúgbò sórí bọ́tìnnì 3. Kí Màmá kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Oògùn ńkọ́? Orúkọ nìkan ò tó o. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e lára páálí ni kó o bèèrè. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru amlodipine 5 àti 10 kì í ṣe ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ páálí wọn lè jọra.

Ọmọ Pòrógun, London
Nọ́ńbà aládùúgbò lẹ kọ́kọ́ nílò, kì í ṣe ti ẹbí tó wà l'Ékòó. Ètò tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde rèé: ẹnì kan, ojúlé márùn-ún. Á pè wọ́n láàárọ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ẹni tí kò bá gbé e, á tún un pè lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí kò bá tún gbé e, ẹni tí ilé ẹ̀ sún mọ́ jù á lọ kan fèrèsé. Kò ní wọlé, á jìn sí i ní mítà méjì, á máa bá a sọ̀rọ̀ láti ìta.

Ohun tó ń ba ètò yìí jẹ́ ni kí ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo nọ́ńbà lọ́wọ́. Bí fóònù tiẹ̀ bá kú, gbogbo àdúgbò ò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sórí páálí, kí ojúlé kọ̀ọ̀kan lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹ má sì gbọ́kàn lé broadcast WhatsApp. Ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù ẹ̀ ò ní rí nǹkan kan gbà, àgbàlagbà mélòó ló ń fi nọ́ńbà pamọ́? Ẹ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kó jẹ́ alábòójútó nìkan ni á máa kọ nǹkan síbẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, fídíò àgbo á bo orúkọ ẹni tí ebi ń pa mọ́lẹ̀.

Ọmọ Mákùn, Houston
Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló ń jẹ owó jù. Ẹ má kó owó rẹpẹtẹ fún ẹbí kan pé kó bá yín pín in. Onísọ́ọ̀bù àdúgbò ni kẹ́ ẹ san án fún tààrà. Kó máa kọ ohun tí Màmá bá mú sínú ìwé, kó máa ya ojú ewé náà ní fọ́tò ránṣẹ́ ní Sátidé Sátidé. Nọ́ńbà àkáǹtì jẹ́ mẹ́wàá. Kẹ́ ẹ tó tẹ owó ránṣẹ́, ẹ ka orúkọ tó jáde sí onítọ̀hún létí. Owó tó bá ṣìnà lọ sí àkáǹtì ẹlòmíì, kò rọrùn láti gbà padà.

Ní ti àgbàlagbà kan fún ọ̀sẹ̀ méjì: gàrí kóńgò méjì, ìrẹsì kan, ẹ̀wà kan, èlùbọ́ kan, epo pupa ìgò kan, ẹja gbígbẹ, iyọ̀. Ata gbígbẹ ni kẹ́ ẹ rà, tòmátò tútù á rà kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Kí wọ́n sá ẹ̀wà lóòrùn kí wọ́n tó dà á síke onídèérí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kòkòrò ló máa jẹ ẹ́. Gàrí tí ọ̀rinrin bá kàn, ó ń bu.

Alàgbà Ìpẹru, Manchester
Ẹ ṣé o, Ọmọ Mákùn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó ń kó àpò ìrẹsì lọ sí gbọ̀ngàn kan pé kí ará àdúgbò wá gbà á. Àrùn tá a ní kí wọ́n sá fún la tún fi ìrẹsì pè wá bá wọn.

Ọmọ Pòrógun, London
Alàgbà, ó ṣeé ṣe tí ètò bá wà. Ẹ fún wọn ní táálì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí mẹ́wàá máa wá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi ẹfun sàmì sílẹ̀ níbi tí kálukú á dúró sí.

Alàgbà Ìpẹru, Manchester
Ẹfun wo? Ẹni tí ebi ń pa ò rí ẹfun. Ẹni tí táálì ẹ̀ jẹ́ 80 á ti dé ní aago mẹ́fà ìdájí, torí ó mọ̀ pé ìrẹsì lè tán kó tó kàn án. Kò sì jẹ̀bi.

Ọmọ Pòrógun, London
Tẹ́ ẹ bá ka àpò yẹn tó péye, kò ní tán.

Ìyá Ìbejì, Dublin
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dákẹ́ ná. Ilé ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Àmọ́ ẹni tó ń gbé e kiri náà lè gbé àrùn dání. Nítorí náà, ọ̀dọ́ méjì kan náà ni kó máa lọ nígbà gbogbo, pẹ̀lú ìbòmú, kí wọ́n kọ ilé tí wọ́n dé àti aago tí wọ́n débẹ̀. Kí wọ́n gbé e sí ẹnu ọ̀nà, kan ilẹ̀kùn, kí wọ́n sún sẹ́yìn. Tí wọ́n bá wọlé lọ mu omi pẹ́nrẹ́n, wọ́n ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ilé àgbàlagbà sì ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n tó dé ilé mìíràn.

Ọmọ Pòrógun, London
Mo gbà ti ẹni tó ń gbé e kiri. Ti táálì, mi ò tíì gbà.

Ọmọ Ìlíṣàn, Birmingham
Omi ìfọwọ́ ẹnu géètì náà ṣe pàtàkì. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún, ẹ ki ìṣó bọ iná, ẹ fi lu ihò kan ní sẹ̀ǹtímítà 12 sísàlẹ̀ ìdérí. Ẹ fi igi tó dábùú gbé e kọ́, ẹ so okùn mọ́ ọrùn ẹ̀, kẹ́ ẹ so ìsàlẹ̀ okùn mọ́ igi tí wọ́n á máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ní kan kẹ́ẹ̀gì. Ẹ ki ọṣẹ sínú àpò àlùbọ́sà, ẹ so ó kọ́, nítorí ọṣẹ tó dá wà lórí òkúta máa ń rìn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìṣẹ́jú-àáyá 20 ni kí wọ́n fi fọwọ́. Tówẹ̀lì kan ṣoṣo tí gbogbo èèyàn á jọ máa lò? Kí wọ́n kúkú gbọn ọwọ́ dànù.

Ọmọ Mákùn, Houston
Wọ́n ní àwọn kan ti ń ta ògógóró fún ìfọwọ́.

Ọmọ Ìlíṣàn, Birmingham
Ó kéré tán, ó yẹ kí ọtí inú ẹ̀ tó 60 nínú 100. Ògógóró sábà máa ń wà ní nǹkan bí 40. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń mu ún máa mu ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ìlànà bí wọ́n ṣe ń po lítà mẹ́wàá ohun ìfọwọ́ ọlọ́tí jáde: ethanol 96% mílílítà 8333, hydrogen peroxide 3% mílílítà 417, glycerol 98% mílílítà 145, kẹ́ ẹ fi omi tó ti hó tó sì ti tutù kún un títí á fi pé lítà mẹ́wàá. Ẹ dé e fún wákàtí 72 kẹ́ ẹ tó lò ó. Ẹ má ṣe é nítòsí iná o. Bílíìṣì ilẹ̀ ńkọ́? Ṣíbí ìmutíì mẹ́rin sí lítà omi kan, kẹ́ ẹ po tuntun lójoojúmọ́. Ẹ má pò ó mọ́ ohun ìfọlé mìíràn láéláé, èéfín ẹ̀ lè ṣe èèyàn léṣe.

Alàgbà Ìpẹru, Manchester
Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún ìyá ẹ̀ pé kó gbé oògùn ibà kùlòróòkúnìn mì nítorí Kòrónà. Oṣù Kẹta yìí náà ni wọ́n kéde l'Ékòó pé àwọn tó lò ó lálòjù ti dé ilé ìwòsàn. Nọ́ńbà tí NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, ń lò lọ́dún 2020 yìí ni 080097000010, ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ Òkè-Ṣópìn, Toronto
Ẹ ṣé púpọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló mọ èèyàn ní Òkè-Ṣópìn?

Ìyá Ìbejì, Dublin
Mo mọ ẹnì kan ní Ojówò, n'Ìjẹ̀bú-Igbó náà, mo ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un. Fi àmì ilé ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, má kọ ọ́ síbí.

Ọmọ Mákùn, Houston
Ẹ jẹ́ ká fi ìpàdé sí ọjọ́ Àìkú lórí Zoom. Ti ọ̀fẹ́ ń já ní ìṣẹ́jú 40 o, ẹ̀yin ará London sì máa ń fi 35 kí ara yín.

Ọmọ Pòrógun, London
Ìkíni ni Ìjẹ̀bú. Houston, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣe ìpàdé nínú mọ́tò, tí gbogbo wa á máa wo òrùlé mọ́tò yín.

Ọmọ Ìlíṣàn, Birmingham
Houston kọ́, Mákùn Rẹ́mọ ni. Rẹ́mọ kì í fi àkókò ṣòfò.

Ìyá Ìbejì, Dublin
Ẹni Ojówò ti dáhùn. Ó ní iná ti lọ ní gbogbo apá ibẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Á lọ kan ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́.

Ọmọ Òkè-Ṣópìn, Toronto
Olúwa ṣeun! Ẹ ṣé, Ìyá Ìbejì. Oògùn ńkọ́? Ta ló ń ta oògùn nítòsí tó ṣílé?

Alàgbà Ìpẹru, Manchester
Òpin oṣù Keje ni Ìléyá. Ṣé ẹ rò pé Ojúde Ọba máa wáyé lọ́dún yìí?

Ọmọ Pòrógun, London
Régbérégbé wa, àwa ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà, ti rán aṣọ.

Ọmọ Mákùn, Houston
Ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí Zoom. Èmi, ìfọ́kọ́rẹ́ ló ń wù mí. Mi ò rí ewùrà rà níbí, ṣé isu funfun á ṣe é?

Ìyá Ìbejì, Dublin
Kò ní dì. Ewùrà nìkan ni. Rin ín, bù ú sínú ọbẹ̀ tó ń hó ní ṣókí ṣókí, dín iná kù, má sì rò ó títí á fi le. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ ọ́ di ẹ̀kọ.

Ọmọ Ìlíṣàn, Birmingham
Ẹja wo?

Alàgbà Ìpẹru, Manchester
Ṣáwá. Ẹni tó bá fi tòlótòló sí i, alábòójútó, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́.