Ẹ̀yin tó ti tún ṣaṣí ọkọ̀ àtijọ́ ṣe, báwo lẹ ṣe mọ ibi tí sàlẹ́ńsà so kọ́ látilẹ̀wá?

Ìṣọ̀lá_Irin
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti tú Triumph Herald kan, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, palẹ̀. Mo ti gbé ara ọkọ̀ kúrò, ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀, ó ku ṣaṣí, egungun irin abẹ́ ọkọ̀, nìkan. Nígbà tó dé ọwọ́ mi, wáyà ni wọ́n fi so sàlẹ́ńsà ẹ̀ níwájú, wọ́n sì jó ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ ṣaṣí gbọin. Ihò tó wà lára ṣaṣí yìí pọ̀ ju ohun tí mo mọ̀ pé ó wà fún lọ. Bó ṣe jáde nílé iṣẹ́ ni mo fẹ́ dá a padà sí. Ẹni tó bá ti la irú ẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí tiyín ṣe lọ.

Bàbá Sípánà
Má tíì fọ̀ ọ́ o!

Ìṣọ̀lá_Irin
Ẹ kú àárọ̀ sà. Kí ló dé? Ẹni tó máa bá mi fín yanrìn sí i lára, láti ṣí ìpẹtà àti ọ̀dà àtijọ́ kúrò, ti dá ọjọ́ fún mi.

Bàbá Sípánà
Sún ọjọ́ yẹn síwájú, ọmọ mi. Land Rover Series II ni mo fi kọ́ eléyìí. Nígbà tí a gbé ara rẹ̀ kúrò, ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì ti dì mọ́ ṣaṣí bí èèpá. Dípò ká fín yanrìn sí i, kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ibi tí irin kan bá ti lẹ̀ mọ́ ṣaṣí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀dà abẹ́ ẹ̀ á ṣì mọ́, etí ẹ̀ á sì fi ìlà sílẹ̀. Ibi tí páìpù gbígbóná ti ń kọjá nítòsí, ọ̀dà á ti gbẹ, á sì ti yí àwọ̀ padà. Bí mo ṣe rí àpá irin onígun mẹ́rin kan nìyẹn, ihò méjì wà nínú ẹ̀, ẹrẹ̀ ti dí ọ̀kan. Mo fi ìṣó yọ ẹrẹ̀ náà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú, mo bá nọ́ọ̀tì tí wọ́n jó mọ́ inú lọ́hùn-ún. Kò sí ilé iṣẹ́ tó máa jó nọ́ọ̀tì sínú ṣaṣí tí ọwọ́ ò lè dé lásán. Ohun kan wà tó yẹ kó so kọ́ síbẹ̀.

Fi ṣọ́ọ̀kì yí gbogbo àpá tó o bá rí ká, fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó o ya àwòrán ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kó o tó pe oníyanrìn.

Abíọ́nà
Ọ̀rọ̀ yanrìn yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọkọ̀ bùrọ̀dá bàbá mi ni. Ẹni tí wọ́n gbé ṣaṣí fún fín yanrìn sí i títí irin fi funfun, ó kun ún lọ́jọ́ kan náà, ó ń dán gbinrin. Inú gbogbo wa dùn. Ìgbà tí a fẹ́ so sàlẹ́ńsà ni ẹkún bẹ̀rẹ̀. Kò sí àpá kankan mọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò sínú ọ̀dà tuntun, síbẹ̀ bí a bá gbé ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀, áàsù, irin tí táyà ẹ̀yìn so mọ́, á kan páìpù. Ó dun bùrọ̀dá gan-an.

Gbénró
Àní wọ́n kun ún lọ́jọ́ kan náà? Olúwa ò!

Ọmọ Wẹ́dà
Mo fẹ́ fi kún ti Bàbá Sípánà. Ẹ wo eyín bọ́ọ̀tì, ẹ má wo ihò nìkan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà Herald, UNF ni wọ́n lò, ìyẹn irú eyín bọ́ọ̀tì tí wọ́n ń fi ínṣì wọ̀n. Ihò bọ́ọ̀tì ínṣì 5/16 jẹ́ mílímítà 7.94, ti M8, tí wọ́n ń fi mílímítà wọ̀n, jẹ́ 8. Ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n 5/16 UNF ní eyín 24 nínú ínṣì kan, ti M8 sì fi mílímítà 1.25 jìnnà síra. Bí ẹ bá bá M8 lára Herald, ẹlòmíì ló wá fi síbẹ̀ lẹ́yìn.

Àjàní_404
Mi ò gbà tán o, àbúrò. Mẹkáníìkì tí bọ́ọ̀tì dá mọ́ lọ́wọ́ lè gé eyín tuntun sínú nọ́ọ̀tì ilé iṣẹ́. Eyín nìkan ò tó ẹ̀rí.

Ọmọ Wẹ́dà
Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wo bí wọ́n ṣe jó nọ́ọ̀tì yẹn náà. Ẹni tó bá wá láti ìta ò lè ráyè jó o láti inú àpótí irin tó ti pa dé.

Àjàní_404
Èyí wọlé.

Fọláṣadé
Ìṣọ̀lá, rántí pé kì í ṣe Herald nìkan ló ń lo irú ṣaṣí yẹn. Vitesse, ọkọ̀ Triumph tó ní sìlíńdà mẹ́fà, jókòó lórí ẹ̀yà ẹ̀, Spitfire náà ti inú ẹbí yẹn wá. Ihò míì wà fún páìpù bíréèkì, òmíì fún páìpù epo, òmíì kàn wà kí omi lè ṣàn jáde. Má ṣe wá sàlẹ́ńsà sí gbogbo ihò.

Kúnlé Ìjàpá
Ìdí tí mo fi fẹ́ràn Beetle nìyí. Orí ẹ́ńjìnnì gan-an ni sàlẹ́ńsà ẹ̀ so mọ́, kò kan ṣaṣí rárá.

Gbénró
Kúnlé, bí a bá ń sọ̀rọ̀ òjò, ẹ máa ní Beetle kì í jò 😂

Ṣẹ́gun_K
Ẹ jọ̀ọ́, kí ló burú nínú kí wọ́n jó o mọ́ ṣaṣí gbọin? Ó kúkú le jù.

Bàbá Sípánà
Ṣẹ́gun, ó burú. Ẹ́ńjìnnì jókòó lórí rọ́bà. Bó o bá tẹ iná mọ́tò, á mì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sàlẹ́ńsà tó so mọ́ ọn sì gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ooru tún wà ńbẹ̀: páìpù irin tó gùn tó mítà méjì, tí ooru ẹ̀ fi ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì 250 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á fi bíi mílímítà mẹ́fà gùn sí i. Bó o bá dì í lẹ́yìn gbọin, ibo ni kí mílímítà mẹ́fà yẹn gbà? Mánífóòdù, irin tó ń gba èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì, ni ìyà ẹ̀ ń jẹ. Mo ti rí mánífóòdù tó là láti òkè dé ìsàlẹ̀ nítorí irú ìjó yẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi rọ́bà tó ní aṣọ nínú gbé e kọ́ láyé ọjọ́un.

Níwájú ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, gíábọ́ọ̀sì ni irin ìdìmú àkọ́kọ́ so mọ́, torí òun àti ẹ́ńjìnnì jọ ń mì. Ẹni tó bá ń wá ihò ẹ̀ lára ṣaṣí ò ní rí i láéláé.

Abíọ́nà
Ó tún yẹ ká rántí èéfín. Bí páìpù bá là lábẹ́ ibi tí èèyàn jókòó, tí ilẹ̀ ọkọ̀ àtijọ́ sì ti jẹ, kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì á máa wọlé. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn.

Àjàní_404
Ìṣọ̀lá, lẹ́yìn yanrìn, má kun ún o. Gbé e lọ kí wọ́n rì í sínú síńkì yíyọ́. Inú ni irú ṣaṣí àpótí ti ń dípẹtà, ọ̀dà ìta ò débẹ̀.

Fọláṣadé
Ẹ̀gbọ́n, ó ní bó ṣe jáde nílé iṣẹ́ lòun fẹ́. Herald ò jáde pẹ̀lú síńkì.

Àjàní_404
Bó ṣe jáde yẹn ló jẹ́ kó jẹrà, Fọláṣadé.

Fọláṣadé
Ẹ kun inú ẹ̀ pẹ̀lú epo ìdáàbòbò, kẹ́ ẹ máa tún un ṣe láti ìgbà dé ìgbà. Mo ti rí ṣaṣí tó ti inú síńkì jáde tó wọ́, ilẹ̀kùn ò pa dé mọ́.

Ọmọ Wẹ́dà
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fara balẹ̀. Síńkì yẹn ń gbóná tó ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì 450. Bí ibì kan bá pa dé nínú ṣaṣí, tí omi wà ńbẹ̀, ó lè bú gbàmù. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ lu ihò sí i. Ìṣọ̀lá tó ń bá ihò jà, ṣé òmíì ló fẹ́ fi kún un?

Ìṣọ̀lá_Irin
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bá oníyanrìn sọ pé kó dúró. Mo fi kẹrosíìnì fọ apá òsì lẹ́yìn lónìí, àpá kan hàn kedere, ibi tí rọ́bà ti ń ha irin ń dán. Bàbá, ṣé kí n kọ́kọ́ to gbogbo ẹ̀ pọ̀ wò kí n tó kun ún?

Bàbá Sípánà
Bẹ́ẹ̀ ni. Gbé ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì sórí rọ́bà tuntun, kì í ṣe ti àtijọ́ tó ti rọ̀. Fi okùn gbé sàlẹ́ńsà kọ́, má tíì di bọ́ọ̀tì kankan le. Gbé áàsù ẹ̀yìn sókè títí dé ibi tó lè dé, kó o wo àlàfo. Láti mánífóòdù ni kó o ti máa dì í lọ sẹ́yìn.

Ìṣọ̀lá_Irin
Mo ti gbọ́ sà. Ṣé ẹnì kan ní Herald tí wọn ò tíì tú rí, tó lè ya abẹ́ ẹ̀ fún mi?

Ìyá Táyé
Mo ní ti 1965. Sàlẹ́ńsà tuntun ni, àmọ́ àwọn irin ìdìmú ẹ̀ ṣì ni ti ilé iṣẹ́. Màá gbé e sókè lọ́jọ́ Sátidé, màá fi rúlà sí i. Apá òsì nìkan lo fẹ́ àbí gbogbo ẹ̀?

Ìṣọ̀lá_Irin
Gbogbo ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ mà. Títí kan ti gíábọ́ọ̀sì.