Ẹ gbà mí o: ewì wo ni kí ọmọ ké ní Sátidé?

Ìyá Àpáta:
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Àná ni ọmọ mú lẹ́tà délé pé òun ló máa ṣojú iléèwé wọn níbi ìdíje ewì kíké, Sátidé tó ń bọ̀ yìí. SS1 ló wà. Ewì wo ló dáa? Kíá ni o, ẹ jọ̀ọ́.

Tíṣà Mọ́níyà:
Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, mà. Ẹ ò sọ bóyá ewì àpilẹ̀kọ ni wọ́n fẹ́ tàbí ewì alohùn, ẹ ò sì sọ ìṣẹ́jú tí wọ́n fún un. Ẹ tún lẹ́tà náà wò. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 3, ewì àpilẹ̀kọ onílà 40 ti tó. Rárà ò gbà ju ìlà 20 lọ, torí fífà ni wọ́n ń fa ohùn rẹ̀. Ìbà ò gbọdọ̀ ju ìlà 4 lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń fi ìbà jẹ àkókò wọn tán, agogo á wá lù nígbà tí ewì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn.

Ẹ fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í há a sórí. Ọmọ tó bá há “ìgbà” sórí bíi “igbá” lálẹ́ òní, ẹnu rẹ̀ á ti mọ́ ọn kó tó di Jímọ̀. Láti ìparí ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í há a: ìlà 4 tó kẹ́yìn, kó tó kan 4 tó ṣáájú wọn. Ìparí ni ẹ̀rù máa ń gbà lọ́wọ́ ọmọ, ibẹ̀ ló sì yẹ kó dá a lójú jù.

Ọmọ Challenge:
Ohun yòówù kó ké, ẹ má fi ìlù sí i o! Níbi ìdíje kan, ọmọbìnrin wa ké ewì tó dùn gan-an, gángan bò ó mọ́lẹ̀. Adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ ọ́ síwèé pé àwọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Nínú máàkì 30 tó wà fún pípe ọ̀rọ̀ ketekete, 9 ni wọ́n fún un. Ó ṣì ń dùn mí.

Ọmọ Àyàn:
Ẹ má dá ìlù lẹ́bi. Ohùn gángan ga, ohùn ọmọbìnrin náà ga. Tí méjèèjì bá jọ wọ máìkì kan, ìlù ló máa borí. Kí àyàn dúró sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, kó dákẹ́ tí ọmọ bá ń ké, kó máa lù láàárín ẹsẹ kan sí ìkejì. Ìyá ìlù dùndún sàn fún ọmọbìnrin, torí ohùn tiẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Ọmọ Challenge:
A ní kó dákẹ́, kò dákẹ́! Ẹnì kan ló dìde lọ lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, ló bá gbàgbé pé ọmọ ń díje.

Ọmọ Àyàn:
Ẹni tó lẹ owó mọ́ ọn lẹ ò bá bá wí.

Aláṣọ-òkè Ọjẹ́:
Ti aṣọ ńkọ́? Ẹ má wé gèlè bò ó létí, kò ní gbọ́ agogo. Ìró àti bùbá àdìrẹ ti tó. Tó bá jẹ́ ẹkún ìyàwó, kó lo ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ èyí tó ń dún woroworo lọ́wọ́ tó fi di máìkì mú.

Sàǹgó Sáùǹdù:
Ìsàlẹ̀ àgbọ̀n ni kó gbé máìkì sí, kí àlàfo rẹ̀ sí ẹnu tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Tó bá wà níwájú ẹnu gan-an, “p” àti “gb” á máa gbá a, gbohùngbohùn á máa dún gbì gbì. Tó bá jẹ́ gbọ̀ngàn ńlá bíi Mápó, kó rọra máa sọ ọ́. Ohùn tó ń ta padà lára ògiri máa ń bo ọ̀rọ̀ tó kàn.

Olùwòran Bódìjà:
Ṣé ti Àyájọ́ Èdè Abínibí, 21 oṣù Kejì, ni? Tó bá jẹ́ òun ni, ewì nípa èdè ni kí ẹ wá.

Tíṣà Mọ́níyà:
Ohun kan tó kù: ẹ má jẹ́ kó ké oríkì Ìbàdàn. Nílùú yìí, èèyàn mẹ́rin á ti pe “Mesí Ọ̀gọ̀” kó tó kàn án, kò sì sí adájọ́ tí kò mọ ibi tó bá fò.

Ìyá Àpáta:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á san án fún yín. Ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìyá bàbá rẹ̀ ní oríkì Ìbàdàn ni kó ké, wọ́n sì ti ń kọ́ ọ láti alẹ́ àná. Àyàn àdúgbò wa á bá a lu gángan.

Ọmọ Challenge:
Gángan kẹ̀!

Ọmọ Àyàn:
Mà, ẹ san owó àyàn pé kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì bẹ àwọn ẹbí pé kí ẹnikẹ́ni má náwó lórí pèpéle.