Ìlànà inú ìwé tàbí ìdájọ́ ojú ẹsẹ̀?
Ní alẹ́ Sátidé ni mo máa ń darí eré Dungeons & Dragons, eré ìtàn àfẹnusọ tí olúkúlùkù ti ń ṣe akọni kan, tí dáìsì sì ń sọ bóyá ohun tó fẹ́ ṣe yọrí (ẹ̀dà karùn-ún ti ọdún 2014), fún àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin. Tẹ́lẹ̀, gbogbo nǹkan ni mo ń yẹ̀ wò nínú ìwé, ìjà kékeré á sì gbà wá ní wákàtí kan. Mo wá pa ìwé dé, mo ń fi òye ara mi dájọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan fẹ́ fi okùn fò láti orí òrùlé bọ́ sẹ́yìn òmìrán, mo ní kí ó ju dáìsì olójú ogún, kí ó rí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó yege. Lọ́sẹ̀ kejì, 15 ni mo béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn fún irú ìfò kan náà. Ó ní mo ń ṣe ojúsàájú, kò sì parọ́. Ìwé ní 10 fún ohun tó rọrùn, 15 fún èyí tó wà láàárín, 20 fún èyí tó le, ṣùgbọ́n èwo gan-an ló le? Orí ìyẹn la ṣì ń jà sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí eré yìí, báwo ni ẹ ṣe ń ṣe àkọsílẹ̀ ìdájọ́ ojú ẹsẹ̀ yín, tí ti òní kò fi ní tako ti àná, tí àkọsílẹ̀ náà kò sì ní di ìwé òfin mìíràn?